Agolo Ẹja Lábẹ́ Bátìrì

Bí ẹ bá pàdé Pius Ọlájídé ní Lókójà lónìí, ọwọ́ òsì ni yóò nà sí yín. Ẹ má tíì bú u pé kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́, kí ẹ tó mọ irú ojú tí ẹ ó fi wò ó. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mi ò tíì mọ̀.

Ìyá tó bí Pius kú nígbà tó ṣì ń rákò. Ìyá Morẹ́nikẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀, ló pọ̀n ọ́n dàgbà lábúlé wọn lórí òkè Agbaja. Òun ló ń ru iṣu wá sọ́jà kó lè rán an lọ sílé ìwé, títí Pius fi di akọ̀wé ìjọba ní Lókójà, tó ń gbé Lokongoma. Mọ́nsúrù ni àbúrò rẹ̀, ọmọ bàbá kan náà, ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àgbẹ̀ ni Mọ́nsúrù, kò kúrò ní Agbaja. Ọ̀kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì ń kírun, ìyẹn ò sì dá ìjà sáàárín wọn rí.

Mọ́tò ló dá a.

Nígbà tí bàbá wọn kú lọ́dún 1983, Píjó akẹ́rù kan ló fi sílẹ̀. Ọmọkùnrin méjì, mọ́tò kan. Ìyá Morẹ́nikẹ́ tó jẹ́ àgbà ẹbí pè wọ́n jókòó.

"Ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ Pius, ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ Mọ́nsúrù," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ o. Ẹni tí mọ́tò bàbá yín bá bàjẹ́ sí lọ́wọ́, kó kó kọ́kọ́rọ́ fún èkejì, kó máa fẹsẹ̀ rìn. Mi ò ní í dá ẹjọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì."

"A gbọ́, Ìyá," àwọn méjèèjì dáhùn.

Ẹ mọ bí Lokongoma ṣe rí. Akọ̀wé ló pọ̀ jù níbẹ̀, akọ̀wé tó bá sì ní mọ́tò kì í rọra kọjá. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ Pius, á na ìgbọ̀nwọ́ síta fèrèsé, á máa tẹ hóònù fún ẹni tí kò dí i lọ́nà. Bó bá jẹ́ ti Mọ́nsúrù, Pius á máa fi bàtà tẹ eruku. Kọ́lápọ̀, aládùúgbò rẹ̀ tó ní mọ́tò ìjàpá, á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá Pius, ṣé ará oko ti gba mọ́tò lọ́wọ́ yín ni? Ẹ wọlé ká lọ jàre."

Pius á wọlé, á rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á sì máa hó.

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún kejì, àwọn ọdẹ dáná sun igbó tó yí Lokongoma ká, eku bá ya wọ àdúgbò. Mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá sí, wáyà ni wọ́n sì fi ń pọ́n eyín. Ilẹ̀ ò ní í mọ́ kí ẹnìkan má ṣépè níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kọ́lápọ̀ so káńfọ̀ mọ́ tirẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè lé eku. Àwọn mìíràn ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ibẹ̀ lè tutù, kí ìmọ́lẹ̀ sì wọ̀ ọ́. Salome, ìyàwó Pius, ní ológbò kan tó máa ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ Píjó náà bí ẹni tó ń ṣọ́ ọjà.

Ṣùgbọ́n ti Mọ́nsúrù ló lágbára jù. Á gún ata gbígbẹ, á pò ó mọ́ ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ti fà yọ nínú ẹ́ńjìnì, á sì fi ìyẹ́ adìẹ kun gbogbo wáyà. Kò jẹ́ gbé mọ́tò sún mọ́ àká iṣu. Kò jẹ́ kí ẹ̀pà kan ṣẹ́kù sẹ́yìn rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó," á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì han Pius lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọwọ́. "Eku tó bá gé èyí jẹ, ahọ́n ẹ̀ á bó."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Pius ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, eku ńlá kan fò lù ú láyà. Ó fi sípánà lù ú. Eku kú, kò dáwọ́ dúró. Ó ń lù ú títí tí ara rẹ̀ fi dà bí àkísà lórí irin. Bó ṣe ń nu ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ló rí wáyà kan tí eku ti jẹ dé ìdajì.

Èrò kan yọ sí i lọ́kàn. Bó bá jẹ́ pé lọ́wọ́ Mọ́nsúrù ló ti já ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ibi tó yẹ kó ti sá nìyẹn. Kò sá. Ó gbé àkísà tó ti rẹ sínú kẹrosíìnì, ó nu ata àbúrò rẹ̀ kúrò lára wáyà. Ó wá agolo mílíìkì, ó lu ihò sí i lára yíká, ó kó ẹja gbígbẹ àti ẹ̀pà sínú rẹ̀, ó sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ abẹ́ bátìrì níbi tí ojú kì í tó. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa pe eku wọlé kí ọ̀sẹ̀ Mọ́nsúrù tó wọlé. Eku á bá Mọ́nsúrù gun òkè Agbaja, ọ̀hún ni wọ́n á ti jẹ iṣẹ́ tí Pius rán wọn.

Ológbò ló kù.

"Bàbá Bridget," Salome ké láti ilé ìdáná, "ẹja mi tún ti dín nínú agbọ̀n!"

"Ológbò rẹ nìyẹn."

"Ológbò yìí kì í jalè. Mo ti tọ́ ọ pẹ́."

"Ṣé èmi wá ni mo jẹ ẹ́?"

Ohùn tirẹ̀ alára ló dẹ́rù bà á. Kí Salome tó dáhùn, ó ti ki ológbò náà mọ́lẹ̀ nírù. Ológbò ha á lápá, ẹ̀jẹ̀ yọ. Ó fì í, ó là á mọ́ ògiri. Ó tún là á mọ́ ọn.

Salome káwọ́ lérí. "Ẹranko! Ẹranko lásán ni! Kí ló ṣe yín, Bàbá Bridget?"

Obìnrin náà fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ ògiri títí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ta sí ò funfun mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ Mọ́nsúrù, iná iwájú mọ́tò kú. Nígbà tó tún kàn án, sítátà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ti mọ́tò títí wọ́n fi dé ojú títì. Mọ́nsúrù gbé e dé Lokongoma, ó kó wáyà tí eku ti jẹ lé àtẹ́lẹwọ́, oorun wà lójú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ata ò ràn án mọ́. Mo kùn ún, mo tún un kùn."

"Mi ò mọ̀yẹn. Ọwọ́ rẹ ló bàjẹ́ sí."

"Eku Lokongoma ni, Bọ̀ọ̀dá. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́. A ò ní irú eku yìí lórí òkè."

"Ṣé ọ̀dọ̀ mi lo pè ní ilé eku?"

Pius gbá a létí. Gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. Mọ́nsúrù, ẹni tó ń fi ọkọ́ tú ilẹ̀ olókùúta látàárọ̀ dalẹ́, gbá a lọ́rùn aṣọ mú, ó gbé e lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò, ẹsẹ̀ Pius ò kan ilẹ̀ mọ́. Ó ká ẹ̀ṣẹ́ sókè.

"Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá," Mọ́nsúrù wí. "Òun ló ní kí n máa pè yín ní ẹ̀gbọ́n."

Ó jù ú sílẹ̀. Ètè Pius bẹ́ lára òkúta.

"Lọ́jọ́ tó bá tún bàjẹ́ sí ọ lọ́wọ́," Pius tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, "ẹbí ló máa gbọ́!"

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ parí, ó kó ẹja sínú agolo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kérésì kù díẹ̀ nígbà tí Kọ́lápọ̀ sáré wọ ọ́fíìsì, kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Pius, jáde. Mọ́tò yín ti gbiná ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Agbaja."

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Ohun tó kọ́kọ́ dé ọkàn Pius, ayọ̀ ni. Ó ti ń ro ohun tí yóò wí lójú ẹbí.

"Mọ́nsúrù ńkọ́?"

"Ó yè é. Ìyá àgbà tó jókòó tì í niná jó. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀ wá ṣọdún."

Àga tó wà lẹ́yìn Pius ṣubú. Kò mọ ìgbà tó dìde.

Ní ọsibítù, ó gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó rí i. Ẹsẹ̀ Ìyá Morẹ́nikẹ́ méjèèjì ti bó láti orúnkún dé ìsàlẹ̀. Obìnrin náà ń jẹ eyín rẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ egungun. Mọ́nsúrù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, báńdéèjì dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"À ń sọ̀ kalẹ̀ ni," ó wí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Èéfín yọ níwájú wa. Kí n tó pa ẹ́ńjìnì, iná ti gba abẹ́ wá sí ẹsẹ̀ Ìyá. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọn kọ̀, kò ṣí. Ìró wọn gbiná. Ojú fèrèsé ni mo gbà fà wọ́n, Bọ̀ọ̀dá, awọ wọn ń bá ọwọ́ mi lọ. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pariwo? 'Iṣu Pius! Ẹ bá mi yọ iṣu Pius!' Ẹ̀yìn mọ́tò ló wà. Fúnra wọn ni wọ́n ṣà á fún yín."

Pius jáde, ó bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Yanrìn ni àwọn ará ọ̀nà fi pa iná náà kó tó dé ẹ̀yìn. Wọ́n wọ́ mọ́tò náà wá sí ilé tí bàbá wọn kọ́ sí Otokiti ní Lókójà. Mọ́nsúrù ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ẹbí á fi jókòó lọ́jọ́ Àìkú.

"Mo ṣì ń gbọ́ eku nínú ẹ̀," ó sọ fún Pius. "Wọ́n á ní èmi ni mo sun Ìyá níná. Mo fẹ́ kí ẹbí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ohun tó wà níbẹ̀."

Pius mọ ohun tó wà níbẹ̀. Eku lè gbé ẹja wọ inú mọ́tò. Eku ò lè fi wáyà so agolo.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí Mọ́nsúrù àti àwọn ọkùnrin àdúgbò ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, Pius wọ Otokiti. Oòrùn ti kan àtàrí. Kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ló fẹ́ gbà sílẹ̀, ó búra bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó ní òun fẹ́ yọ ẹja yẹn kúrò lójú ayé, kí òun má sì tún fojú kàn án. Bóyá òótọ́ ni.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Eérú, yanrìn, òórùn rọ́bà tó jó. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ bátìrì, ó kan agolo, ó já wáyà rẹ̀, ó fà á bọ̀.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé Mọ́nsúrù ò fẹ́ fẹnu lásán bá ẹbí sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ gbé eku náà fún wọn. Ó ti dẹ pàkúté onírin sójú ọ̀nà eku, èyí tó fi ń pa ọ̀yà lóko, ó fi ṣéènì dè é mọ́ irin mọ́tò, ó sì da àkísà bò ó.

Eyín pàkúté pàdé lórí ọwọ́ Pius àti agolo tó dì mú.

Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ ní ojú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ti kírun tán. Mọ́nsúrù ló kọ́kọ́ dé, bàtà ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá! Ha! Bọ̀ọ̀dá mi! Èmi ni mo dẹ ẹ́ o! Mi ò mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ wá bá mi wá eku náà!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ti ọwọ́ bọ inú mọ́tò, ó fi ọwọ́ jíjó tí wọ́n dì ní báńdéèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ pàkúté náà méjèèjì. Ọgbẹ́ rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ rọ sórí báńdéèjì. Kò jáwọ́. Eyín irin náà ṣí díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ fà á, Bọ̀ọ̀dá, ẹ fà á jáde."

Pius fẹ́ fà á. Ìka rẹ̀ ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, agolo ti tẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹja jábọ́ sórí ẹ́ńjìnì, ẹ̀pà tẹ̀ lé e.

Mọ́nsúrù wo ẹja. Ó wo ihò ara agolo. Ó wo wáyà tí ẹnìkan fi sùúrù lọ́ mọ́ ọn.

"Pius," ó wí. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò pe orúkọ náà lásán rí.

Ó jọ̀wọ́ pàkúté.

Egungun ró. Kí Pius tó mí, Mọ́nsúrù ti fa irin jáàkì yọ, ó fi kọlù ú léjìká, ó fi kọlù ú níhà. Pius ò lè sá, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú irin.

"Ìyá tó pọ̀n ọ́! O fi iná sí Ìyá tó pọ̀n ọ́ lára! Torí mọ́tò! Ìwọ ni eku! Ìwọ ni eku náà!"

"Haba Mọ́nsúrù! Haba!" Àwọn èèyàn rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. "You wan kill am?"

"Ẹ jẹ́ n pa á! Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani!"

Ó tó ọkùnrin mẹ́fà kí wọ́n tó gba irin náà. Nígbà tí wọ́n gbà á tán, Mọ́nsúrù jókòó sínú yanrìn, ó ń mí bí ẹran tí wọ́n lé. Ó bojú wo gbogbo wọn yíká.

"Ẹni tó bá sọ ọ́ dé etí Ìyá, èmi àti ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá gbọ́, á pa wọ́n. Ẹ ní eku ni. Ẹ ní pàkúté mú un níbi tó ti ń wá eku."

Dókítà gé ìka méjì dànù lọ́wọ́ Pius. Àwọn tó kù ò ká mọ́ títí dòní.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹbí jókòó yí ibùsùn Ìyá Morẹ́nikẹ́ ká. Ohùn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́.

"Pius dà?"

"Mo wà níbí, Ìyá."

"Gbé ọwọ́ ọ̀hún wá."

Ó gba ọwọ́ náà tòun ti báńdéèjì, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Wọ́n ní o lọ gbẹ̀san mi lára eku, eku gba ọwọ́ rẹ lọ. Ọmọ mi. Mi ò bí ọ, ṣùgbọ́n o ju èyí tí mo bí lọ." Ó yí ojú. "Mọ́nsúrù, mi ò bá ọ wí. Ṣùgbọ́n mo ti ṣòfin, mo sì ní mi ò ní í dá a lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní mọ́tò yẹn ṣì ṣeé tún ṣe. Kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Salome bojú. Mọ́nsúrù la ẹnu. Ó wo ẹsẹ̀ obìnrin náà lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, ó pa ẹnu dé. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó gbé e sínú àtẹ́lẹwọ́ Pius.

"Ẹ gbà, Bọ̀ọ̀dá."

Ọwọ́ náà ò lè ká mọ́ ọn. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sórí sìmẹ́ńtì.

"Mú un," Ìyá rẹ́rìn-ín. "Tìrẹ ni. Ọlọ́run á jẹ́ kó o fi ṣe rere."

"Àmín," Mọ́nsúrù wí.

Irin jáàkì ò dun Pius tó àmín yẹn. Ó kúnlẹ̀ gbì. Gbogbo rẹ̀ ló sọ, kò mú ọ̀kan kúrò: ata tó nù, ológbò tó pa, agolo, ẹja, àti ayọ̀ tó yọ ní ọ́fíìsì. Mọ́nsúrù pariwo pé kó pa ẹnu mọ́. Kò pa á mọ́.

Ìyá Morẹ́nikẹ́ gbọ́ ọ tán. Ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ti Pius.

"Ìyá, ẹ bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣépè fún mi."

"Mọ́nsúrù," obìnrin náà wí, "yí mi kojú sí ògiri."

Mọ́nsúrù fi apá tí wọ́n dì ní báńdéèjì yí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wọn tó fi tún sọ̀rọ̀.

"Iṣu tí mo ṣà fún ọ ṣì wà lẹ́yìn mọ́tò. Iná ò dé ibẹ̀. Lọ kó o, kí o máa lọ sílé rẹ."

Pius lọ sí Otokiti, ó kó iṣu náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ òsì ló fi kó o.